Ta La Fẹ́ Mú, Ta La Fẹ́ Dúró Dè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan n'Ìbàdàn níbí ni mí. Tí sáà tuntun bá ti wọlé, àwọn ọmọ tó ń wá fún ìdánwò máa ń ju ọgọ́rùn-ún lọ, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún mi láti mú 25. Àwọn tó bá tàn lójú mi lọ́jọ́ náà kì í sábà dé ibì kankan. Ọmọ kan tí mo ní ó kéré jù, mo gbọ́ pé òun ló ń gbá àárín fún ẹgbẹ́ kan ní Àpẹtẹ́ báyìí, ó sì ń ṣe bẹbẹ. Kí ló yẹ kí n máa wò lára wọn? Tí mo bá sì ti mú wọn tán, báwo ni mo ṣe fẹ́ tọ́ wọn dàgbà nígbà tó jẹ́ pé ife-ẹ̀yẹ ni ọ̀gá wa ń béèrè?

ÌDÁHÙN: Kọ́ọ̀ṣì, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ ò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ pín ìbéèrè yín sí méjì, yíyan lápá kan, títọ́ lápá kejì. Lójú tèmi iṣẹ́ kan náà ni. Ìdánwò ọlọ́jọ́ mẹ́ta á fi ohun tí ọmọ kan lè ṣe lónìí hàn yín. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an ni ohun tó lè kọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì láàyè púpọ̀. Ọdún méjì ni ND, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ wọn, ọdún kan á bá IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta, lọ, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó bá wù ú á tún wá ṣe HND, ìwé-ẹ̀rí tó ga ju ND lọ, fún ọdún méjì, ibòmíì ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń lọ ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní yunifásítì ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n fi lè máa wo ọmọ. Tẹ́ ẹ bá fi sáà kan ṣòfò lórí ẹni tí kò ní í yí padà, ìdajì àkókò yín ti lọ nìyẹn.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tó tàn lọ́jọ́ ìdánwò ń wọ̀. Oríṣi ọmọ kan ni ọjọ́ ìdánwò máa ń gbè: ẹni tí ara rẹ̀ ti gbó, tí ojú kì í tì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fipá gba bọ́ọ̀lù mọ́ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Kì í sì í ṣàánú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ní 2018, Victor Osimhen lọ ṣe ìdánwò ní ẹgbẹ́ méjì ní Belgium, Zulte Waregem àti Club Brugge. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀ kó tó débẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì gbà á. Charleroi ló mú un. Ní 2023, ó gba líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli, góòlù 26 tó jẹ ló pọ̀ jù nínú líìgì yẹn, wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Àwọn tó dán an wò kì í ṣe òpè o. Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní fídíò àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n rí níwájú wọn, òun náà ni wọ́n sì fún ní máàkì. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọn fèrè àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n: ta ni ara rẹ̀ ò yá, ta ni kò tíì jẹun, ta ló fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn.

Ẹ tún kọ ọjọ́ orí wọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ Àpẹtẹ́ yẹn wà. Nínú ND1 yín, àwọn ọlọ́dún àkọ́kọ́, ẹ máa rí ọmọ ọdún 17 tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ọdún 23 tó ti kọ JAMB títí ó fi sú u. Ẹ kó àwọn méjèèjì sórí pápá, ẹ ní kí wọ́n jìjà bọ́ọ̀lù kan, ẹ ti mọ ẹni tó máa gbé e. Ọmọkùnrin kan lè ti ga tán ní ọdún 16, kí òmíì ṣì máa ga ní 18, iṣan rẹ̀ á sì tún máa le sí i lẹ́yìn ìyẹn. Antoine Griezmann, akadẹmí bíi mélòó kan nílẹ̀ Faransé ló kọ̀ ọ́ torí pé ó kúrú, Real Sociedad ní Sípéènì ló mú un lọ. Ní 2018 ó bá Faransé gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa wá àwọn tó kúrú kiri o! Ẹni tó síngbọnlẹ̀ wúlò, ẹ mú un, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ mú un fún: òní ni tiẹ̀. Èyí tó kéré tó sì ń fi ọpọlọ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó jù ú lọ, ẹ máa bi ara yín bí ó ṣe máa rí nígbà tí ara rẹ̀ bá bá ọpọlọ náà dọ́gba.

Wàyí o, kí lẹ máa wò? Ẹ kọ́kọ́ dẹ́kun kíkó ọmọ 22 sórí pápá kan. Ẹni tó bá wà létí ìlà lè má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ tó pè é jáde, kí lẹ wá rí? Ẹ fi kóònù gé pápá sí wẹ́wẹ́, nǹkan bíi mítà 30 ní gígùn, 20 ní ìbú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a ní mẹ́rin sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Níbẹ̀ kò síbi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sá pamọ́ sí. Gbogbo wọn á gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn á pàdánù rẹ̀, gbogbo wọn á ṣọ́ ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Nínú ìṣẹ́jú 90, bọ́ọ̀lù kì í sábà wà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ọmọ nìkan lẹ ń wò ó, gbogbo ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá lójú yín. Ẹ yan ọmọ kan, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, kẹ́ ẹ máa wo ọrùn rẹ̀. Ṣé ọrùn yẹn ń yí? Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ fún un, ṣé ó ti wo apá ọ̀tún, wo apá òsì, wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Norway kan, Geir Jordet, ti fi fídíò ṣọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àárín ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí èyí. Ohun tó rí ni pé àwọn tó máa ń yẹ àyíká wọn wò dáadáa kí bọ́ọ̀lù tó dé ni páàsì wọn ń bá èèyàn wọn jù. Kò gba ẹ̀rọ kankan láti rí i, ojú yín ti tó. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ń yí ní ọdún 17 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé páàsì mẹ́ta ló ti dà nù.

Tó bá sì wá pàdánù bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ ka oókan, eéjì, títí dé aárùn-ún. Àwọn kan á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á wojú rẹfirí. Àwọn kan á dojú ìbínú kọ ẹni tó fún wọn ní páàsì. Àwọn kan ti ń sáré lé e padà kẹ́ ẹ tó ka eéjì. Mo ka èyí sí ju góòlù lọ, torí ó ṣòro láti fi sí ọmọ lára tí kò bá ti ilé gbé e wá. Èmi ò tíì rí ìdánrawò tó ń sọ ọmọ tó ń kárísọ di ẹni tó ń sáré padà ní ọdún méjì.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi parí rẹ̀. Ẹ pe ọmọ jáde nígbà tí eré ń lọ, kẹ́ ẹ sọ nǹkan kan ṣoṣo fún un: "Kí bọ́ọ̀lù tó dé, yí ara rẹ kí o lè rí gbogbo pápá." Ẹ dá a padà. Ọmọ kan á mi orí, á ní "Yẹ́s sà, yẹ́s sà," á sì tún kọ ẹ̀yìn sí pápá bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà kan, mo bá ọmọ kan tó gbá bọ́ọ̀lù játijàti ní gbogbo àárọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Kò mi orí. Ó dúró, ó fi bàtà rẹ̀ tó ti là lẹ́nu họ ilẹ̀, ó ní, "Sà, tí ẹni tó ń ṣọ́ mi bá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ tí mo fẹ́ yí sí ńkọ́?" Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè yẹn fi hàn pé ó ti ń rí eré náà nínú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì bá a. Ẹsẹ̀ ṣeé kọ́.

Nǹkan míì tó máa ń tan àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá n'Ìbàdàn ni mọ́ńkí póòsì. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù, láti Bẹẹrẹ dé Ọ̀jọ́ọ̀, òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, kò sí gólì tó ń ṣọ́ ilé, kò sí ọ̀fúsáìdì. Ó ń fún wọn ní ẹsẹ̀ tó yá, ó ń lé ìbẹ̀rù jáde lára wọn, torí ẹni tó bá ń sojo níbẹ̀, wọn ò ní mú un sí sẹ́ẹ̀tì wọn. Àmọ́ kì í kọ́ni ní bọ́ọ̀lù orí, kì í kọ́ni ní páàsì tó gùn. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá, tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí lórí pápá ńlá, tí gbogbo kírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn góòlù, kì í ṣe pé kò ní ẹ̀bùn. Pápá ńlá ló jẹ́ àjèjì sí i. Sáà kan tó láti kọ́ ọ ní gbogbo ìyẹn.

Eré sísá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá mítà 30, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí eré àbínibí kì í fi bẹ́ẹ̀ lé sí i láàárín ọdún méjì. Èyí tí wọ́n ń sá fún ìṣẹ́jú 12, tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Kenneth Cooper, gbé jáde ní 1968, ẹ lò ó láti mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tó ti jókòó fún oṣù mẹ́ta, á mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìdánrawò á sì tún un ṣe. Ní ti gólì, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ẹ wá ẹni tó ti ṣe gólì rí kó bá yín dá wọn wò.

Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fún yín, ẹ má lé ẹnì kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ dín wọn kù sí bíi 50, ọjọ́ kẹta ni kí wọ́n tó wá gbá mọ́kànlá sí mọ́kànlá. Ẹ má sì mú 25 pé. Ẹ mú 18, ẹ fi àyè méje sílẹ̀ títí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ á fi parí, kẹ́ ẹ ní kí bíi 15 míì máa wá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé láìsí ìlérí kankan. Inú àwọn 15 yẹn ni irú ọmọ Àpẹtẹ́ yín máa ń wà. Tí òun náà bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ ránṣẹ́ pè é, kí ló ń dá yín dúró?

Nǹkan kan wà tí mi ò ní fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin láti yàn: àyẹ̀wò ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Súrùlérè níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni, agbẹjọ́rò ni. Wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ yín ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ tó bá ti dákú rí lórí pápá, tàbí tí àyà máa ń dùn tó bá sáré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ti kú ikú òjijì ní kékeré, dókítà ló gbọ́dọ̀ rí i kẹ́ ẹ tó rí i.

Ó wá ku títọ́ wọn. Ẹ ra ìwé kan, kí ojú ewé kan jẹ́ ti ọmọ kan. Kí nǹkan kan ṣoṣo wà lókè ojú ewé náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ẹsẹ̀ òsì fún ẹni yìí, yíyí ọrùn fún tọ̀hún, bọ́ọ̀lù orí fún ẹnì kẹta. Kí ọmọ náà mọ ohun tó wà níbẹ̀, kó lè máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 15 kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ń pariwo nǹkan mẹ́jọ lórí ọmọ kan, ìkankan ò ní wọlé. Tẹ́ ẹ bá lè rí ẹni tó máa fi fóònù ya ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti orí àga gíga, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì péré nínú rẹ̀ han ọmọ náà, níbi tó ti ṣe é dáadáa àti ibi tó ti gbàgbé.

Ohun tó ń sọ ọmọ dàgbà ju ìdánrawò lọ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Àwọn ND1 tẹ́ ẹ bá fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún odindi sáà, bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa kọ́. Ẹ dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ máa wá ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kiri: àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní Ẹlẹ́yẹlé àti Sáńgò, àwọn akadẹmí kéékèèké, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Àgbọ̀wọ́. Kò ná yín ju owó ọkọ̀ lọ. Kẹ́ ẹ sì máa yí ipò wọn padà níbẹ̀. Atamátàsé tó bá ti gbá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta á mọ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan eré, ìdárayá tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+ wà, ó ń gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 20, ó sì ń dín ìpalára orúnkún àti kókósẹ̀ kù. Lórí irú pápá tí àwa ní yìí, tó ń le bí òkúta lọ́gbẹlẹ̀ tó sì ń di ẹrẹ̀ lójò, ẹ má fo ó. Oúnjẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé gààrí ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu sùn. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún yín lówó díẹ̀, ẹ má fi ra jẹ́sì tuntun, ẹ fi bá ìyá olóúnjẹ kan ṣàdéhùn ẹ̀wà àti ẹyin lẹ́yìn ìdánrawò. Kẹ́ ẹ sì gba táímùtébù wọn sọ́wọ́. Ọmọ tó bá ní kárí-ófà mẹ́ta ò ní rọ́kàn gbá bọ́ọ̀lù, á sì lè má sí nílé-ẹ̀kọ́ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì tú ká yángá. Tiyín náà lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́. Kí gbogbo ọmọ ti ní ìwé kan lọ́wọ́ tó sọ ohun tí wọ́n á máa ṣe nílé, kẹ́ ẹ sì mọ ẹgbẹ́ àdúgbò tí kálukú wọn lè máa bá gbá bọ́ọ̀lù níbi tí òbí wọn wà.

Ọ̀gá yín ńkọ́? Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ife-ẹ̀yẹ máa ń dà tí NIPOGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn pólì, bá ti ń sún mọ́lé: ẹnì kan á sọ pé kẹ́ ẹ wá mẹ́sínárì mẹ́rin, àwọn àgbàwá tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín, wọlé, kẹ́ ẹ bá wọn wá káàdì ìdánimọ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ gbàgbé pé òfin kọ̀ ọ́, ẹ wo ohun tó ń ṣe sí àwọn ọmọ yín. Mẹ́sínárì mẹ́rin túmọ̀ sí pé ọmọ mẹ́rin tó ti ń jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ látọdún tó kọjá á jókòó wò wọ́n, tí ìdíje bá sì parí, mẹ́sínárì á gbowó, á lọ, ẹ̀yin á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ohun tẹ́ ẹ lè sọ fún ọ̀gá ni pé kó fún yín ní sáà méjì, kẹ́ ẹ sì fi ìwé yẹn hàn án ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan: iye ọmọ ND1 tó ti wọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n gbá, iye tó yege nínú ẹ̀kọ́ wọn. Tó bá ní ilé-ẹ̀kọ́ ò lè bí agbábọ́ọ̀lù gidi, ẹ rán an létí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Pólì Ìbàdàn níbí ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, Shooting Stars ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní 1976, Shooting Stars gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1980 òun ló jẹ méjì nínú góòlù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ ò bi mí léèrè èyí, àmọ́ ó máa dé iwájú yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan láti Adamásingbà, pápá Shooting Stars, tàbí láti Èkó bá wá wo ọmọ yín. Á béèrè ọjọ́ orí, ọmọ náà á sì wojú yín kó lè mọ èyí tó máa sọ, torí gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, ìyẹn ọjọ́ orí tí wọ́n gé kù. Láti 2009, ọdún tí ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ wáyé nílẹ̀ wa níbí, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ju ọdún 17 lọ. Ẹni ọdún 21 tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ṣì ń rí ẹgbẹ́ mú un ní líìgì wa. Ẹni ọdún 21 tó pe ara rẹ̀ ní 17, tí àṣírí bá tú, wọn ò ní í gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́ lórí ọmọ míì tẹ́ ẹ bá mú wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìbí tó wà nínú fọ́ọ̀mù JAMB wọn ni kẹ́ ẹ kọ sójú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yẹn, látọjọ́ àkọ́kọ́.